Iṣẹ́ Ẹ́ńjìnì Pípààrọ̀ Kì í Ṣe Iṣẹ́ Kánjúkánjú

Àwọn àgbà ní alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a fi kún ojú ewé wa lóṣù yìí, ẹ má ṣe kanra. Ọ̀rọ̀ náà tó bẹ́ẹ̀.

Gbogbo yín lẹ ti rí nótíìsì tí àwọn aláṣẹ lẹ̀ mọ́ pátákó lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀. Èkíní ni pé gbogbo ọkọ̀ Peugeot 504 tó ti gbó nínú ọgbà wa ni a ó yọ ẹ́ńjìnì wọn, tí a ó sì fi ẹ́ńjìnì Toyota tòkúnbọ̀ rọ́pò rẹ̀. Èkejì ni pé ọjọ́ méjì ni ṣọ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ fi parí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀kẹta ni pé bí ṣọ́ọ̀bù kò bá lè ṣe é, agbaṣẹ́ṣe ìta ni wọn yóò gbé e fún, wọn yóò sì tún iye òṣìṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù yẹ̀ wò. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń pè ní títún iye òṣìṣẹ́ yẹ̀ wò. Lílé ni wọ́n sọ lórúkọ bẹ́ẹ̀.

Èsì wa rèé. A kò kọ iṣẹ́. Ohun tí a kọ̀ ni pé kí ẹni tí kò di sípánà mú rí máa ka ọjọ́ iṣẹ́ fún ẹni tó ń dì í mú, kí ó sì jẹ́ pé bí irin bá já, ẹni tó di sípánà mú nìkan ni wọn yóò bi léèrè.

Ẹ́ńjìnì pípààrọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé a fẹ́ kí ọkọ̀ jókòó kí àwa náà lè jókòó tì í. Ẹ́ńjìnì pípààrọ̀ kò jẹ́ tuntun sí wa. Ìwé mẹ́fà ni a kà kí wọ́n tó mú wa lọ kọ́ṣẹ́, ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ ni a sì ti kọ́ ìṣirò tí a fi ń wọn irin. Láti ìgbà náà ni a ti ń rí ohun tí ọwọ́ ọmọ ilẹ̀ yìí lè ṣe. Ta ni kò mọ mólùè tó kún títì Èkó nígbà kan? Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ẹrù Mercedes 911 ni wọ́n gbé e lé, ṣùgbọ́n àwọn wẹ́dà tiwa ló kan ara rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Kò sí òyìnbó tó wá kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe ṣe é.

Ọkọ̀ 504 yìí pàápàá, ọdún 1968 ni wọ́n gbé e jáde ní ilẹ̀ Faransé, ọdún 1975 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní Kàdúná. Ó gbé ọ̀gá, ó gbé èrò, ó ná ojú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn títí tí àwọn awakọ̀ fi mọ ohùn rẹ̀ lójú oorun. Wọn kò ṣe é mọ́, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ṣì le. Ẹ́ńjìnì ló ń rẹ̀, ẹ̀yà ara ẹ́ńjìnì náà ló sì ń ṣòro rí.

A sì mọ̀ pé owó kò sí. Kí oṣù kẹfà ọdún 2023 tó dé, dọ́là kan kò tó ₦500 ní ọjà ìjọba. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti kọjá ₦1,500. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 kan náà ni ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán, tí owó epo bẹ́nzínì sì fò sókè. Ọkọ̀ tòkúnbọ̀ tí òṣìṣẹ́ lè dá owó jọ rà tẹ́lẹ̀ ti di ohun àpéwò. Nítorí náà, ẹni tó bá ní 504 tí ara rẹ̀ ṣì dára, tó sì wá ẹ́ńjìnì Toyota 3Y lọ sí Ladípọ̀ ní Mushin, kò ya wèrè. Ẹ́ńjìnì 504 tiwa jẹ́ 1,971 sẹ́ẹ̀sì, 3Y jẹ́ 1,998. Agbára wọn súnmọ́ ara wọn. Ọgbọ́n wà níbẹ̀.

Ìjà wa kì í ṣe pé kí a má ṣe é. Ìjà wa ni pé kí a ṣe é bó ṣe yẹ.

Ohun tó wà lábẹ́ ọkọ̀

Ẹ̀yin akọ̀wé ọ́fíìsì, ẹ̀yin awakọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń ta íwé ọkọ̀, ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ fún yín kó yé yín, nítorí pé àìmọ̀ yín ni àwọn aláṣẹ ń fi sọ pé àwa ń fa iṣẹ́ gùn.

Ọkọ̀ púpọ̀ tí ẹ́ńjìnì wọn wà níwájú tí táyà ẹ̀yìn sì ń tì wọ́n, pùròpẹ́là wọn wà ní gbangba. Bí ẹ bá dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, ẹ ó rí i tó ń yí. Ti 504 kò rí bẹ́ẹ̀. Inú páìpù irin ńlá kan ni pùròpẹ́là rẹ̀ ti ń yí. Páìpù yìí di gíábọ́ọ̀sì níwájú mú, ó sì di dífù, ìyẹn gíá ẹ̀yìn, mú. Ẹ́ńjìnì, gíábọ́ọ̀sì, páìpù àti dífù so pọ̀ bí igi kan ṣoṣo. Páìpù yìí kì í ṣe ìbòrí lásán. Òun ló ń di imú dífù mú. Nígbà tí awakọ̀ bá tẹ iná, agbára tó yẹ kó yí táyà a máa fẹ́ yí dífù fúnra rẹ̀ pẹ̀lú. Páìpù yìí ló ń sọ fún un pé, "Jókòó jẹ́ẹ́."

Nítorí náà, ọ̀nà méjì ló wà láti fi ẹ́ńjìnì Toyota sínú 504.

Ọ̀nà kìíní ni kí a mú ẹ́ńjìnì Toyota nìkan, kí a fi gíábọ́ọ̀sì Peugeot sílẹ̀ sí ààyè rẹ̀, kí páìpù àti dífù wà bí ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n ti fi wọ́n sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ihò bóòtù tó wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnì Toyota kò bá ti gíábọ́ọ̀sì Peugeot mu. A gbọ́dọ̀ gé pẹlẹbẹ irin tó nípọn, kí a lu ihò Toyota sí ojú rẹ̀ kan, kí a lu ihò Peugeot sí ojú rẹ̀ kejì, kí a fi so àwọn méjèèjì pọ̀.

Ọ̀nà kejì ni kí a gbé ẹ́ńjìnì àti gíábọ́ọ̀sì Toyota wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, kí a gé páìpù Peugeot dànù, kí a wá pùròpẹ́là gbangba kan, kí a gé e, kí a jó o pọ̀, kí a fi so gíábọ́ọ̀sì Toyota mọ́ dífù Peugeot.

Ọ̀nà kejì ló yá. Òun ni àwọn aláṣẹ ń pè ní iṣẹ́ ọjọ́ méjì. Ẹni tó bá gé páìpù yẹn tí kò ṣe ohun mìíràn tí yóò di imú dífù mú, ó ti tú okùn ọrùn màlúù sílẹ̀ láàárín ọjà.

Ìdí tí ọjọ́ méjì kò fi tó

Ẹ jẹ́ kí a ka iṣẹ́ ọ̀nà kìíní fún yín, kí ẹ fi ìka ka ọjọ́ rẹ̀ fúnra yín.

Pẹlẹbẹ irin ìsopọ̀ kì í ṣe ohun tí a ń fi ojú wọ̀n. Àárín kíráńkì ẹ́ńjìnì àti àárín ọ̀pá gíábọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ wà lójú kan náà gẹ́lẹ́. Dial gauge ni a fi ń yẹ̀ ẹ́ wò: a ó so ó mọ́ fíláíwíìlì, a ó yí kíráńkì lọ́wọ́, a ó máa wo abẹ́rẹ́ rẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ náà bá fi ju nǹkan bí 0.1 mìlímítà lọ, a ó tú u, a ó sì tún un ṣe. Ẹ fa irun orí yín kan tu: sísanra rẹ̀ kò jìnnà sí 0.1 mìlímítà. Irun kan ṣoṣo ni a ń bá jà. Bí a bá fojú fo ìyẹn, kílọ́ọ̀ṣì yóò máa já, bẹ́ríìnì iwájú gíábọ́ọ̀sì yóò máa jẹ, awakọ̀ ni wọn yóò sì ní kò mọ ọkọ̀ wà.

Kílọ́ọ̀ṣì náà tún wà níbẹ̀. Ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá fíláíwíìlì Toyota mu, ṣùgbọ́n eyín àárín rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ ọ̀pá Peugeot. Kò sí i lọ́jà bẹ́ẹ̀. A ó yọ àárín ọ̀kan, a ó fi sínú èkejì. Bẹ́ríìnì kékeré tó wà ní ìdí kíráńkì, tí imú ọ̀pá gíábọ́ọ̀sì ń jókòó sí, tọ́nà ni yóò ṣe ilé rẹ̀ lórí ẹ̀rọ lathe.

Lẹ́yìn náà ni síìtì ẹ́ńjìnì. Ẹ́ńjìnì 504 fì sí ẹ̀gbẹ́ kan ní ìwọ̀n dígírì 45. Ti Toyota kò fì tó bẹ́ẹ̀. Síìtì Peugeot kò lè gbà á, a ó ṣe òmíràn. A ó wo ìsàlẹ̀ ọpọ́n ọ́ìlì kó má kan irin tó dábùú abẹ́ ọkọ̀. A ó wo ibi tí páìpù èéfín yóò gbà kó má sun wáyà àti páìpù bíréèkì. Rewáyà yóò ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, a ó wa ọkọ̀ náà, a ó dá a padà, a ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, a ó tún bóòtù gbogbo fún.

Ọkọ̀ kìíní gba ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ́wọ́ wa. Ẹ̀kẹta gba ọjọ́ márùn-ún, nítorí pé a ti ní bátànì pẹlẹbẹ irin nílẹ̀. Bí wọ́n bá fi wá sílẹ̀, ìkẹwàá lè má gbà ju ọjọ́ mẹ́ta ààbọ̀ lọ. Bí ọwọ́ ṣe ń mọ iṣẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n wọn kò fi wá sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ pùròpẹ́là

Bí ó bá wá di dandan láti ṣe pùròpẹ́là gbangba, tí a sì ti ṣe irin tí yóò di imú dífù mú, iṣẹ́ náà ní òfin tirẹ̀. Òfin irin ni, kò sì sí mánéjà tó lè yí i padà.

Pùròpẹ́là ní kúrọ́ọ̀sì méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, kí ó lè máa tẹ̀ bí ọkọ̀ ṣe ń fò. Nígbà tí kúrọ́ọ̀sì bá tẹ̀, kì í yí dọ́gbadọ́gba. Nínú yíyí kan, ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò yára tí yóò sì tún falẹ̀. Kúrọ́ọ̀sì ẹ̀yìn ló ń pa èyí rẹ́, ṣùgbọ́n àfi bí etí méjèèjì bá dojú kọ ibì kan náà, tí títẹ̀ iwájú àti ti ẹ̀yìn sì dọ́gba. Ẹni tó bá jó o ní kánjúkánjú, tí etí kan kọjú sókè tí èkejì kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, gbígbọ̀n ló jó mọ́ ọkọ̀ náà. Kò sí gíríìsì tó lè wò ó.

Lẹ́yìn èyí ni bálánsì. Nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, tí gíá kẹrin sì wà nínú rẹ̀, pùròpẹ́là náà ń yí ní ìgbà 50 láàárín ìgbà tí aago bá dún "kò" lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá wúwo ju ìkejì lọ, yóò máa gbá kiri. Ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ ni a ti kọ́ ọ pé bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára gbígbá náà á di ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ á fi dákẹ́ jẹ́ẹ́ láàárín ìlú, tí yóò sì máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe tó bá dé ojú ọ̀nà márosẹ̀. Wọ́n á ní kí mánéjà gun ọkọ̀ yí ọgbà ká lẹ́ẹ̀kan, á ní ó dára. Kò lọ sí Ìbàdàn nínú rẹ̀. Awakọ̀ wa ló lọ.

Ẹ̀kẹta ni jíjó. Páìpù pùròpẹ́là jẹ́ irin rírọ̀, ó ṣe é jó. Ṣùgbọ́n ọ̀pá eléyín jẹ́ irin tí wọ́n ti fi iná mú le. Bí wẹ́dà bá gé irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ láàárín, tó sì jó o pọ̀ láìkọ́kọ́ yá a níná, tó wá jẹ́ kí afẹ́fẹ́ mú un tutù kíá, ẹ̀gbẹ́ ojú jíjó náà á di bí ìgò. Yóò dára lójú. A ó fi fáìlì há a, a ó fi ọ̀dà dúdú kùn ún, ẹni tó rí i á ní tuntun ni. Lọ́jọ́ tí yóò bá já, kì í kọ́kọ́ tẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan náà ló ń já.

Ohun tó ṣẹlẹ̀

A kò fi àlá kọ èyí. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ọjọ́ méjì wá, mánéjà ṣọ́ọ̀bù pe àgbà tọ́nà wa. Ó ní, "Bàbá, ẹ gé páìpù yìí, ẹ jó pùròpẹ́là sí i, kí ọkọ̀ máa lọ." Bàbá tọ́nà ní, "Ọ̀gá, ẹ má bínú, mi ò ní gé e. Kò sí ohun tí yóò di dífù mú, a ò sì ní ẹ̀rọ bálánsì." Mánéjà ní ta ló bèèrè ìmọ̀ràn lọ́wọ́ wọn. Bàbá kò jiyàn. Wọ́n mú káàdì iṣẹ́, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn kò fọwọ́ sí i, wọ́n kọ ìdí rẹ̀, wọ́n kọ ọjọ́. Ẹ rántí káàdì yẹn, nítorí pé òun ló gbà wá.

Wọ́n gbé ọkọ̀ náà lọ síta. Ó padà dé lọ́jọ́ kejì, ọ̀dà dúdú ń dán lórí pùròpẹ́là. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó lò. Ní ojú ọ̀nà márosẹ̀, pùròpẹ́là já níwájú, orí rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin awakọ̀ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Bí iwájú pùròpẹ́là bá bọ́ sílẹ̀ tí ọkọ̀ ṣì ń sáré, tí orí rẹ̀ bá sì kọ́ ihò, yóò gbé ọkọ̀ náà sókè bí ẹni fi igi fo odò. Ti ọjọ́ náà kò kọ́ ihò. Ó lu ilẹ̀ ọkọ̀ títí ó fi dá a lu, ó ya sókòtò awakọ̀ wa, ó sì dá egungun ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó yè é. Àwọn èrò tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yè é. Kì í ṣe ọgbọ́n ẹnikẹ́ni ló yọ wọ́n.

Lọ́jọ́ kejì, ta ni wọ́n fún ní kúẹ́rì? Bàbá tọ́nà ni! Wọ́n ní òun ni olórí ẹ̀ka tọ́nà, kí ó sọ ìdí tí a kò fi ní lé e. Ẹni tó kọ̀ láti ṣe é ni wọ́n bi léèrè pé kí ló dé tí ó fi bàjẹ́. Ẹni tó pàṣẹ rẹ̀ ló fọwọ́ sí kúẹ́rì náà.

Ẹgbẹ́ wa mú ẹ̀dà káàdì iṣẹ́ lọ sí ìpàdé. Nígbà tí wọ́n kà á, gbogbo wọn dákẹ́. Wọ́n fa kúẹ́rì náà padà. Ṣùgbọ́n wọn kò tọrọ àforíjì, wọn kò sì yọ nótíìsì ọjọ́ méjì kúrò lára pátákó. Ó ṣì wà níbẹ̀ títí di bí a ti ń kọ èyí.

Àwíjàre wọn àti èsì wa

Wọ́n ní àwọn mẹkáníìkì ẹ̀bá ọ̀nà ń ṣe é lọ́jọ́ kan ààbọ̀. A kò ní bú àwọn ará ẹ̀bá ọ̀nà. Ọmọ iṣẹ́ bíi tiwa ni wọ́n, púpọ̀ nínú wa sì ti ibẹ̀ wá. Òmíràn nínú wọn mọ iṣẹ́ ju ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó wá sọ́dọ̀ wọn ló ń kán wọn lójú, owó tó san ló sì ń gé iṣẹ́ kúrú. Bí a bá fún wọn ní owó pẹlẹbẹ irin, wọ́n á ṣe pẹlẹbẹ irin. Bí a bá fún wọn ní owó gé-e-jó-o, wọ́n á gé e, wọ́n á jó o. Kí aláṣẹ má ṣe fi òṣì arákùnrin wa na àwa lẹ́gba.

Wọ́n ní kò sí owó ẹ̀rọ bálánsì. Owó tí a fi fa ọkọ̀ yẹn dé ilé ńkọ́? Owó ilé ìwòsàn ńkọ́? Owó ọkọ̀ tó jókòó láti ọjọ́ náà ńkọ́? Òfin ọdún 2010 lórí owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tó farapa lẹ́nu iṣẹ́ ṣì wà nínú ìwé. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Bí a kò bá tilẹ̀ lè ra ẹ̀rọ náà, àwọn ibi kan wà nílùú tí wọ́n ti ń bálánsì pùròpẹ́là fún ẹni tó bá gbé e wá. Kí wọ́n fún wa ní owó ọkọ̀ àti owó iṣẹ́, a ó gbé e lọ.

Wọ́n tún ní iṣẹ́ tó rọrùn ni, kò yẹ kó ní owó tirẹ̀. Bí ó bá rọrùn, kí mánéjà bọ́ kóòtù sílẹ̀, kó wá fi fáìlì wá irun kan ṣoṣo yẹn. Tọ́nà tó ń ṣe ohun tí kò sí lọ́jà kì í ṣe ẹni tó ń yọ nọ́ọ̀tù táyà. Ó yẹ kí owó oṣù rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan sí ara wa

Bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Kò gbọdọ̀ jẹ́ aláṣẹ nìkan ni a ó máa bá wí.

Àwọn kan wà nínú wa tí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn jẹ́ "Yóò lọ." Wọ́n mọ̀ pé ó sán, wọ́n fi ọ̀dà bò ó. Wọ́n mọ̀ pé bóòtù náà kúrú, wọ́n fún un bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ń kánjú iṣẹ́ ilé iṣẹ́ kí wọ́n lè rí ààyè ṣe iṣẹ́ àdáni lórí ẹ̀rọ lathe lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Ẹ gbọ́ o: ẹni tó bá sọ pé "Yóò lọ" lónìí ni aláṣẹ yóò tọ́ka sí lọ́la pé, "Ṣebí lágbájá ṣe é lọ́jọ́ méjì." Ẹni náà ló ń gbẹ́ kòtò tí gbogbo wa yóò jìn sí. Bí ẹgbẹ́ bá ń jà pé kí a ní ẹ̀tọ́ láti kọ iṣẹ́ burúkú, iṣẹ́ tí a bá gbà láti ṣe gbọ́dọ̀ jẹ́ iṣẹ́ rere.

Àwọn ọmọ iṣẹ́ wa náà, ẹ lọ ṣe Trade Test yín. Àwọn àgbà yóò kọ́ yín. Dial gauge kò le ju kíka aago lọ.

Ẹ̀yin awakọ̀, ọ̀rọ̀ kan wà fún yín. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnì wà nínú ìwé ọkọ̀. Bí wọ́n bá pààrọ̀ ẹ́ńjìnì tí wọn kò pààrọ̀ ìwé, ẹ̀yin ni wọn yóò dá dúró lójú ọ̀nà, ẹ̀yin ni wọn yóò ní ẹ jí ẹ́ńjìnì. Ẹ má ṣe gbé ọkọ̀ tí ìwé rẹ̀ àti ẹ́ńjìnì rẹ̀ kò bára mu jáde. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè.

Ohun tí a ń béèrè

1. Kí wọ́n yọ nótíìsì ọjọ́ méjì kúrò lára pátákó. Olórí ẹ̀ka tọ́nà, olórí ẹ̀ka mẹkáníìkì àti mánéjà ni kí ó jọ jókòó dá ọjọ́ iṣẹ́ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan.

2. Kí ó jẹ́ òfin pé oníṣẹ́ ọwọ́ tó bá rí i pé iṣẹ́ kan lè pa ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀ ọ́, kí ó kọ ìdí rẹ̀ sí káàdì iṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni má sì fún un ní kúẹ́rì nítorí rẹ̀.

3. Kí ẹni tó bá pàṣẹ iṣẹ́ fọwọ́ sí káàdì kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Àṣẹ ẹnu nìkan kò tó mọ́.

4. Kí a má gé páìpù 504 kankan mọ́, àfi bí irin tí yóò di imú dífù mú bá ti wà nílẹ̀, tí pùròpẹ́là ti lọ fún bálánsì, tí irin ìdáàbòbò tí yóò gbà á bó bá já sì ti wà lábẹ́ rẹ̀.

5. Kí wọ́n ra irin tó yẹ fún ọ̀pá, kí a yéé wá irin nínú àkìtàn; kí wọ́n sì ra dial gauge méjì. Èyí tó wà nílẹ̀, owó tọ́nà kan ni.

6. Kí wọ́n san owó gbà-má-bínú fún awakọ̀ wa tó dá lẹ́sẹ̀, kí wọ́n sì kọ ìwé sí Bàbá tọ́nà pé kò jẹ̀bi.

Kò sí èyí tó pọ̀ jù nínú mẹ́fà yìí. Ìkejì ni igi ìdí wọn. Bí wọ́n bá fún wa ní márùn-ún tó kù tí wọ́n sì mú ìkejì yẹn kúrò, wọn kò tíì fún wa ní nǹkan kan, nítorí pé ẹ̀rọ bálánsì kò lè sọ pé "Rárá" fún mánéjà. Ènìyàn ló lè sọ ọ́, ènìyàn náà sì gbọ́dọ̀ ní ẹgbẹ́ lẹ́yìn.

Ìpàdé ẹ̀ka yóò wáyé ní ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, lẹ́yìn iṣẹ́, ní ilé oúnjẹ. Ẹ wá. Ẹ̀yin ará ọ́fíìsì, ẹ wá. Ẹ̀yin náà ń gun ọkọ̀ yẹn re ilé. Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ wá. Ẹsẹ̀ tó dá yẹn, ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni nínú yín ni ì bá jẹ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Àwa la ń ṣe ọkọ̀, àwa la ń wà á, àwa la ń gùn ún. A ó pààrọ̀ ẹ́ńjìnì, yóò sì lọ. A kò ní fi ẹ̀mí ẹnikẹ́ni pààrọ̀ ọjọ́ mẹ́ta.

Ìṣọ̀kan ni agbára wa.